Kẹ́ Mẹ́rin

Wọ́n ní kí n dé Yàbá, kí n lọ ra tuntun.
Mo wé e sínú tówẹ̀lì, mo gba ẹ̀yìn rélùwéè
wọ Èbúté-Mẹ́ta, níbi tí Bàbá Dìsú jókòó sí
láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta tí àwọn olóhun ò wá gbà.

Ìbọn tí kò gbé ọta rí ni.
Ariwo nìkan la fi ń bọ́ ọ,
lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ eré ìje ilé-ìwé wa.
Lọ́dún tó kọjá mo nawọ́ sókè, mo fà á,
ó ní "kó", bí ẹni tó pa ẹnu dé lójijì.
Ọmọ Ilé Pupa ti fò. Ti Ilé Aláwọ̀ Ewé ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń dúró de ohun tí kò ní í dún.
Táíbátù lorúkọ rẹ̀. Kò tíì dárí jì mí.

Bàbá Dìsú ò bi mí léèrè ohun tó ṣe é.
"Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ."
Ogójì ọdún ló fi lu irin ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè,
irin náà sì lu etí rẹ̀ padà:
bí o bá kí i láti ẹ̀yìn, ògiri lo kí.

Ó yọ àgbá ìbọn, ó wo ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí oòrùn.
Ó tún wò ó. Ó ní kí èmi náà wò ó.
Ó dá a padà, ó wá fi ìdí igi rẹ̀ ti egungun àgbọ̀n,
ó di ojú, ó rọra fa òòlù sẹ́yìn,
ó ń fi eyín kà.

Kẹ́.
Kẹ́.

Kẹ́.

"Mẹ́rin ló yẹ kó sọ. Ẹ̀kẹta ti sọnù.
Irú ìbọn yìí ò mọ iṣẹ́ méjì ṣe pọ̀:
àtàǹpàkò ni yóò jí òòlù, ìka ìfábẹ̀lá ni yóò tú u sílẹ̀.
Kò dà bí ẹ̀yin tíṣà,
tó ń fi ẹnu kan náà kọ́ni, tó tún ń fi jẹ gúgúrú."

Ó tú síkírù sórí àwo tánganran.
Sípíríǹ pẹlẹbẹ kan, tínrín bí èékánná, ti dá sí méjì.
Ọwọ́ kékeré tó ń ti àgbá yí,
imú rẹ̀ ti yó, ó rí róbótó bí ọṣẹ àlòkù.

Ìkùn agogo ògiri kan ló ti gé sípíríǹ mìíràn,
agogo tó ti kú láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé.
Ó fi iná sun ún, ó rì í sínú òróró.
Ọwọ́ kékeré ló fún un ní wàhálà.
Àkọ́kọ́ gùn jù, àgbá há. Ó pòṣé.
Èkejì kúrú. Ó bú èmi.
Bó ṣe ń rẹ́ ẹ̀kẹta, ó ṣàdédé fọwọ́ bo àwo:
àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti gbọ́ ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn
kí etí mi tó gbọ́ ọ. Tábìlì gbọ̀n.
Síkírù kan ṣáà já bọ́, àwa méjèèjì rá pálá
lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, à ń wá a bí ẹni ń wá eyín.

Nígbà tó parí, àgbọ̀n tèmi ló gbé e tì.
Kẹ́, kẹ́, kẹ́, kẹ́.
Inú orí mi ló ti sọ̀rọ̀.
Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Sípíríǹ tó dá, kò fún mi:
ó sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ka àkókò,
àwọn tí kì í dúró de ìró, tó jẹ́ èéfín ni wọ́n ń wò.
Mo nawọ́ sókè.
Èéfín funfun yọ. Àwọn ọmọ ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀
nígbà tó gbé ìka mẹ́rin sókè sí mi láti òdìkejì pápá.
N kò mọ̀ bóyá ìbéèrè ni.
Mo gbé mẹ́rin padà.

Táíbátù ṣe ipò kẹta.
Ó ní bàtà rẹ̀ ló fà á.